Ọwọ́ Smita Patil

Bí àwọn olólùfẹ́ sinimá Íńdíà bá ń sọ̀rọ̀ Smita Patil, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yìn. Wọn kò purọ́. Ojú náà tóbi, ó dúdú, ó sì máa ń ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹnu tó là. Ṣùgbọ́n èmi tí eré ṣíṣe ń bọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo máa ń wo ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀: bí ó ṣe ń gbé ìkòkò omi, bí ó ṣe ń tún etí sárì fà borí, bí ó ṣe ń bá iṣẹ́ lọ láìwo iṣẹ́ náà, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé obìnrin yìí mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣèré ń wá kiri: kò sí ẹni tó jókòó tó ń dúró de ìbànújẹ́. Ẹnu iṣẹ́ ni ìbànújẹ́ máa ń bá ènìyàn.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, orin àti ijó ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ fíìmù Íńdíà. Láti ìgbà ilé sinimá títí dé ìgbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ohun tí à ń retí ni kí géndé kan ṣoṣo na odindi ẹgbẹ́ ọmọ ìta, kí olólùfẹ́ méjì máa lé ara wọn yí igi ká, kí ìyá tó sọ ọmọ nù sì rí i kí fíìmù tó parí. Mo gbádùn wọn, mo ṣì ń gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1990, àwọn olùdarí eré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: Shyam Benegal, Mrinal Sen, Govind Nihalani, Ketan Mehta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìtàn àgbẹ̀, alágbàṣe, obìnrin tí wọ́n ń rẹ́ jẹ àti ẹni tí àwùjọ kò kà sí ni wọ́n ń sọ. Owó tí wọ́n fi ń ṣe é kò pọ̀, ojú ọjọ́ àti eruku abúlé ló sì pọ̀ jù nínú ohun ọ̀ṣọ́ wọn. Agbo yìí ni Smita ti di òṣèré.

Ìlú Pune ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1955. Òṣèlú ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ará ìlú. Ìròyìn ni Smita ń kà lédè Marathi lórí Doordarshan, tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ní Bombay, kí Benegal tó mú un wọ inú eré. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà máa ń sọ pé ṣòkòtò jíìnsì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí yóò sì sáré ró sárì lé e kí iná kámẹ́rà tó tàn.

Iṣẹ́ ìròyìn yẹn ṣe é lóore ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Àwa tí a ti orí ìtàgé bọ́ sí sinimá, ohun tí a kọ́kọ́ kọ́ ni bí ohùn yóò ṣe dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, nítorí ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà sanwó wọlé. Ojú wa ń pariwo, apá wa ń pariwo. Nígbà tí a dé iwájú kámẹ́rà, a ní láti bẹ ara wa kó rọra. Smita kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Ìjókòó jẹ́jẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ onítọ̀hún. Ó ti mọ̀ ṣáájú kó tó gba ipa àkọ́kọ́ pé kámẹ́rà kì í ṣe èrò ọjà. Ó máa ń sún mọ́ni, ó sì máa ń gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹ wo Manthan, tí Benegal ṣe ní 1976. Ọ̀rọ̀ wàrà ni. Dókítà ẹranko kan wá sí abúlé ní Gujarat láti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí àwọn tó ń sin ẹfọ̀n lè bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń ra wàrà wọn ní ọ̀pọ̀. Owó fíìmù náà pàápàá, àwọn àgbẹ̀ ló dá a: 500,000 àgbẹ̀, rúpì méjì-méjì. Smita ni Bindu, obìnrin kan láti inú ìran tí àṣà ibẹ̀ kà sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn. Ẹnu Bindu mú, kò sì bẹ̀rù aláṣọ funfun tó ti ìlú ńlá dé. Ìfẹ́ rú láàárín òun àti dókítà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé Smita kò jẹ́ kí ìfẹ́ yẹn dá iṣẹ́ Bindu dúró. Ẹran wà láti bọ́, ọmọ wà láti gbé. Láàárín méjèèjì ni ìfẹ́ náà ti ń yọjú, ó sì dùn mí ju bí ìgbà tí wọ́n bá fi orin kéde rẹ̀ lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe Bhumika, iṣẹ́ Benegal bákan náà. Inú ìwé tí òṣèré Hansa Wadkar fi sọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Usha ni orúkọ obìnrin náà nínú fíìmù, gbajúgbajà òṣèré tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún, tí ọkùnrin kan tẹ̀lé òmíràn sì ń fẹ́ fi í pamọ́ sínú ilé. Ibi ijó ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀, níwájú kámẹ́rà àwọn tó ń ya sinimá. Lẹ́yìn ìyẹn ló délé, ìjà sì bẹ́ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, Keshav, tí ń náwó rẹ̀ tó sì ń fura sí i. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún òṣèré kì í ṣe kékeré. Ara méjì ni Smita ní láti gbé: ara tó ń tà fún èrò ìwòran, tó ń ṣí, tó ń yọ̀, tó mọ ibi tí iná wà, àti ara tó ń wọ ilé lọ, tó ti rẹ̀, tó ń bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ bàtà. Ó kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà, kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, síbẹ̀ ó gbé Usha láti ìgbà èwe títí dé ìgbà tí ayé ti lò ó. Òun ni ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fi àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ dá lọ́lá fún iṣẹ́ yìí.

Wọ́n tún fún un ní àmì-ẹ̀yẹ kan náà nítorí Chakra, tí Rabindra Dharmaraj darí, tó jáde ní 1981. Ìyá kan láàárín àwọn aláìnílé ló jẹ́ níbẹ̀, Amma, tó ń tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ nínú àgọ́ páànù àti àpò ní Bombay. Ìran kan wà tó ti ń wẹ̀ níta gbangba, nítorí pé ibi tí Amma ń gbé kò ní balùwẹ̀. Àwọn tó ń polówó fíìmù fa ìran yẹn yọ, wọ́n fi ṣe pósítà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pósítà àti fíìmù ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré wò dáadáa. Nínú pósítà, obìnrin kan wà níhòòhò ìdajì. Nínú fíìmù, obìnrin kan ń wẹ ìdọ̀tí ọjọ́ kúrò lára kó tó lọ dáná. Smita kò wo ẹni tó ń wò ó. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ìran kan ṣoṣo láti fi kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń sunkún, inú Sadgati ni màá lọ. Satyajit Ray ló ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n ní 1981, láti inú ìtàn Premchand. Dukhi, tí Om Puri ṣe, jẹ́ aláwọ ẹran tí àwùjọ ń ṣá tì. Ó lọ bẹ àlùfáà Brahmin pé kó wá yan ọjọ́ rere fún àdéhùn ìgbéyàwó ọmọ òun. Àlùfáà gbé àáké fún un, ó ní kó la ìtì igi ńlá kan kí òun tó lọ. Ibà ń ṣe Dukhi, kò sì tíì jẹun. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kára yóò bọ́ lọ́wọ́ òṣì; Dukhi ṣiṣẹ́ kára, iṣẹ́ náà ló pa á. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan òkú rẹ̀. Jhuria ìyàwó rẹ̀ wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà àlùfáà nínú òjò. Smita ni Jhuria.

Àwa òṣèré Yorùbá, ẹkún yá wa lára. Bí ìròyìn ikú bá ṣe dé, ọwọ́ ti dórí, ìbòrí ti bọ́ sílẹ̀, dírẹ́tọ̀ á ní kí kámẹ́rà sún mọ́ omi ojú. Ohun tí Smita ṣe yàtọ̀. Ìlẹ̀kùn tó tì ló ń bá wí. Ìdáhùn ló ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ilé, kì í ṣe àánú lọ́wọ́ àwa tí à ń wò ó. Nítorí pé kò bèèrè àánú wa, kò sí bí a ṣe lè fi í dù ú.

Ọdún 1982 ni ọdún tó pọ̀ jù fún un. Ó ṣe Umbartha lábẹ́ Jabbar Patel lédè Marathi, níbi tó ti jẹ́ ìyàwó ilé tó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe alábòójútó ilé àwọn obìnrin tí ayé ti kọ̀. Ó ṣe Arth pẹ̀lú Shabana Azmi. Lọ́dún yìí kan náà, ó wà nínú fíìmù ọjà méjì pẹ̀lú Amitabh Bachchan, Shakti àti Namak Halaal. Orin inú òjò tí òun àti Bachchan jó sí nínú Namak Halaal gbajúmọ̀ ju gbogbo ohun tó ṣe fún Benegal lọ. Àwọn kan ní ó fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òṣèré gbọ́dọ̀ jẹun, èrò ọjà náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun tí mo rí ni pé wọn kò fún ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́. Òjò lásán ni òjò yẹn, sárì tutù lásán ni. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò inú Sadgati, ẹ ó rí i pé òṣèré kan náà ni, ara kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ ènìyàn fún un níhìn-ín, ẹnì kan kọ àwòrán fún un lọ́hùn-ún.

Arth tún fi nǹkan mìíràn hàn. Shabana Azmi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sinimá ní Pune, ó kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀, èèyàn sì lè rí ìrònú rẹ̀ bó ṣe ń gbéra láti ibì kan dé ibòmíràn. Òun ni ìyàwó tí ọkọ já sílẹ̀. Smita ni Kavita, òṣèré tó gba ọkọ náà. Nínú àyè olówó tí Kavita ń gbé, kò sí omi láti pọn, kò sí ẹran láti bọ́. Ọwọ́ náà wá ń wá ohun tí yóò dì mú: ọkùnrin náà, ògiri, ara rẹ̀. Ẹ̀rù ń jẹ Kavita lọ́kàn títí orí rẹ̀ fi fẹ́ dàrú. Ipa tí òǹwòran ti kórìíra kó tó wọlé ni, ó sì ṣe é débi pé ó ṣòro láti kórìíra rẹ̀.

Mirch Masala ni mo fi ṣìkejì sí Sadgati, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kó ṣíwájú. Ketan Mehta ló darí rẹ̀. Abúlé kan ní Gujarat lábẹ́ ìjọba Òyìnbó ni. Agbowó-orí, tí Naseeruddin Shah ṣe, gun ẹṣin dé etí odò, àwọn obìnrin sì sá. Sonbai nìkan ló dúró. Ó ní bí omi ló fẹ́ mu, kó tẹ́ ọwọ́ bí ènìyàn. Ó sì bu omi sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà wá fẹ́ fi agbára mú un, ó gbá a létí, ó sì sá wọ ilé tí wọ́n ti ń gún ata. Abu Mian, àgbà ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, ti géètì, ó ní kò sẹ́ni tí òun yóò ṣí i fún. Àwọn àgbààgbà abúlé ní kí wọ́n fà á lé agbowó-orí lọ́wọ́ kí ìlú lè rí ààyè; olùkọ́ ilé-ìwé nìkan ló takò wọ́n. Nínú ilé ata pàápàá, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń rọ̀ ọ́ pé kó jáde. Wọ́n fọ́ géètì, wọ́n pa Abu Mian. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin gbé ata tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gún, wọ́n dà á sójú agbowó-orí, Sonbai sì dúró tòun ti dòjé.

Ohun ìjà náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ ni. Mehta kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Smita ló jẹ́ kó ṣeé gbà gbọ́, nítorí pé láti etí odò la ti ń wo ọwọ́ yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó gbé dòjé, kò jọ akọni. Ó jọ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di dòjé mú.

Kò sí láyé mọ́ nígbà tí fíìmù náà jáde fún ọjà. Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1986 ló kú, lẹ́yìn ìbímọ, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún 1987 ni Mirch Masala jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó bẹ̀rẹ̀ láti Mirch Masala, kó tó lọ sí Bhumika. Manthan náà kò ṣòro wò mọ́, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì ṣàfihàn rẹ̀ ní Cannes ní 2024. Bó bá jẹ́ òṣèré ni ọ́, wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ka àkọlé ìsàlẹ̀ kí ìtàn lè yé ọ. Lẹ́ẹ̀kejì, pa ohùn rẹ̀, má ka nǹkan kan, ọwọ́ ni kí o máa wò. Nígbà tí wọ́n bá wá pè ọ́ sí lokéṣọ̀n pé kí o ṣe ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, má ṣe bèèrè ìgbà tí ẹkún yóò bẹ̀rẹ̀. Bi dírẹ́tọ̀ léèrè pé kí ni obìnrin náà ń ṣe lọ́wọ́ kí ìròyìn tó dé. Bí kò bá mọ̀, wá iṣẹ́ fún un fúnra rẹ, kí o sì lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi í jẹun.