Ṣíìpù Tó Ń Léfòó

Inú àpò gàrí ni ìyá kan gbé e sí: PS3 ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, èyí tó sanra, tó wúwo, tó ń dán bíi bàtà ọlọ́pàá. Ilé géèmù ni wọ́n ní ní Bógíjẹ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì mi ní Awóyáyà, wọ́n nu ojú.

"Ẹnjiníà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀."

"Màmá, ọpọlọ rẹ̀ pé. Èyí tó ń yàwòrán fún un ló dákú."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi èdè gbówó. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ṣíìpù ńlá méjì ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Cell ló ń ronú. RSX ló ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí. A kì í ṣàdédé pààrọ̀ Cell, torí kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀. Bí o bá gbé ti ẹ̀rọ mìíràn síbẹ̀, àjèjì ni yóò jẹ́ títí. RSX kò bá ẹnikẹ́ni ṣe mùlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ká sọ tòótọ́, ojú fóònù tó fọ́ ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti ṣẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n fi yé wa ni pé bí iná yẹ́lò bá ti tàn tí ẹ̀rọ sì kú, àwọn hóró léèdì róbótó tó so ṣíìpù mọ́ páńẹ́ẹ̀lì ló ti sán. A di ẹ̀bi ru òfin Yúróòpù ti 2006 tó ní kí wọ́n yọ òjé kúrò nínú léèdì. Gbé búlówà, fẹ́ ẹ gbóná, wọn yóò tún lẹ̀. Ó sì ń tàn lóòótọ́! Oníbàárà á sanwó, á súre. Kò ní tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí yóò fi padà dé, láìsí ìre lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Inú ikùn ṣíìpù fúnra rẹ̀ ni àrùn ọ̀hún wà jù. Awẹ́ tín-ínrín tó ń ṣiṣẹ́ gan-an jókòó sórí àwọn kókó léèdì tí ojú kò lè kà, gọ́ọ̀mù kan sì dì wọ́n mú. Bó bá gbóná, á wú. Bó bá tutù, á súnkì. Títí kókó kan yóò fi ya. Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, náà kò bọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Keje 2007, Microsoft ya owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún iná pupa mẹ́ta tó ń tàn bí ẹ̀rọ náà bá kú, ó sì sọ àsìkò àtúnṣe ọ̀fẹ́ di ọdún mẹ́ta. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe nípa ara wọn ní 2021, àwọn ènìyàn wọn fúnra wọn sọ ọ́ pé títàn àti pípa ló ń já nǹkan nínú. Ẹ wá wo àdúgbò wa, níbi tí iná ti lè lọ kó sì dé nígbà márùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Búlówà tí à ń fẹ́ nígbà náà dà bí omi tútù tí a dà sórí ẹni tí ebi pa dákú. Yóò dìde. Ṣùgbọ́n kò tíì jẹun.

Nítorí náà, n kì í fi iná kan RSX mọ́ láìṣèwádìí. Mo máa ń so wáyà tín-ín-tìn-tín mọ́ syscon, olùṣọ́ kékeré inú páńẹ́ẹ̀lì tó ń kọ gbogbo àìsàn sílẹ̀. Bó bá kọ 3034, mo mọ̀ pé RSX ni kí n fura sí. Bó bá kọ 1002, ó lè jẹ́ àwọn kapásítọ̀ NEC/TOKIN pẹlẹbẹ nìkan ni kò lè gbé iná mọ́. Mélòó nínú ṣíìpù tó yè kooro ni a ti fi iná pa nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kapásítọ̀!

Ti ìyá yìí, 3034 ni.

Ṣíìpù tí mo máa ń wá fi rọ́pò rẹ̀ ni 40nm, irú èyí tó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn PS3 tínínrín. Ti ìbẹ̀rẹ̀, 90nm, ooru rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ká kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀: àwọn rẹsísítọ̀ kan gbọ́dọ̀ yí padà, a sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan mìíràn sínú syscon kó tó gba àlejò náà sílé. Èyí tí wọ́n sì ń tà fún wa bíi tuntun, tòkúnbọ̀ tí wọ́n fọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn.

Òkun kò jìnnà sí wa, afẹ́fẹ́ wa ní ọ̀rinrin, ó sì ní iyọ̀. Omi á wọ ara ṣíìpù láìjẹ́ pé ó kan òjò. Bí o bá gbé e sórí iná bẹ́ẹ̀, wàá gbọ́ "pó!" bíi gúgúrú, ó tán nìyẹn. Mo ń yan tèmi ní 125 dìgìrì fún odindi ọjọ́ kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àwọn ìyá Ẹ̀pẹ́ ṣe ń yan ẹja.

Wàhálà iná mànàmáná tún wà. Lọ́dún kan, ooru ti wọ 218 nígbà tí iná lọ. Igun kan ti yọ́, igun kejì le. Ọmọ iṣẹ́ mi kò ní sùúrù. Ó fi túwísà fa ṣíìpù náà sókè, ojú bàbà mẹ́rìnlá sì bá a lọ láti ara páńẹ́ẹ̀lì. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ra ẹ̀rọ mìíràn fún oníbàárà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ẹ̀rọ ooru mi, ni mo bá ra ínfátà àti bátìrì kí n tó tún ra bẹ́ẹ̀dì sílé.

Síbẹ̀, ìṣẹ́jú kan wà tí n kò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Hóró léèdì tuntun tí mo fi sábẹ́ ṣíìpù ní òjé nínú, 183 ló ti ń yọ́. Ṣíìpù á kọ́kọ́ wà gán-ún. Lójijì á rọlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Mo máa ń fi ẹnu túwísà tì í fẹ́ẹ́rẹ́: á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ń léfòó. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn, á dákẹ́.

Mo ti sọ fún ìyá náà kí n tó ṣí i pé ó lè kú sórí tábìlì, pé bó bá sì jí, n kò ní ṣèlérí ọdún kan. Wọ́n béèrè ìdí tí wọn ò fi kúkú ra PS4. Mo ní wọ́n lè rà á. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní géèmù bọ́ọ̀lù PES 2013 ni àwọn ọmọ wọn ń gbá, pé èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò wù wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n padà wá. Iná àwọ̀ ewé ti ń tàn láti àárọ̀, fáànù ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹnjiníà, kí n máa gbé e lọ?"

"Ẹ jẹ́ kó sùn síbí, Màmá. Mo fẹ́ pa á, kó tutù, kí n tún tàn án lẹ́ẹ̀mẹwàá."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n mú páàdì. "Ẹ máa tàn án níṣojú mi."