Òṣùwọ̀n Ọkàn Abiyamọ: Lámèyítọ́ Ìwé Ìbéèrè Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìwé ìbéèrè kan tí àwọn oníṣègùn fi ń wádìí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ní ọdún 1987 ni Cox, Holden àti Sagovsky gbé e jáde ní ilẹ̀ Scotland; orúkọ ìlú Edinburgh ni wọ́n fi pè é. Ìbéèrè mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́rin tí máàkì wọn bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 30 lọ. Ìyá yóò ronú sí ọjọ́ méje tí ó kọjá, yóò sì fa ìlà sí abẹ́ ìdáhùn tí ó bá a mu. Bí máàkì rẹ̀ bá pọ̀, oníṣègùn yóò túbọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ rere ni, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí wọ inú èdè Yorùbá, ṣé ohun kan náà ni yóò máa wọ̀n?

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n dá àwọn kan lóhùn, àwọn tí ó ń sọ pé Yorùbá kò mọ àìsàn yìí nítorí pé kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo ti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, àti A. H. Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1963. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn àmì àìsàn náà. Kì í ṣe pé àìsàn kò sí. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lè sọ pé orí òun gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn òun lára.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan dán ìtumọ̀ ìwé náà wò. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá wàhálà ti ju agbára ìyá lọ. Àkànlò èdè ni Gẹ̀ẹ́sì lò, bí ẹni pé nǹkan gun ènìyàn lórí. Ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ pé, "Nǹkan ń gùn mí." Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Òrìṣà ni ó ń gun ènìyàn ní èdè wa. Ẹni tí ó sì ń gùn ni à ń pè ní ẹlẹ́gùn. Abiyamọ tí wàhálà ti bò mọ́lẹ̀ yóò dáhùn pé rárá, kò sí ohun tí ó ń gun òun. Bí a bá bi í bóyá apá rẹ̀ kò ká nǹkan mọ́, yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ìbéèrè mìíràn ni ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà láìnídìí gúnmọ́. Níbí ni Kúmólú ti wọlé. Ìyá tí ó gbà pé ayé ń lépa ọmọ òun kò ní gbà láé pé ẹ̀rù òun kò nídìí. Àyà rẹ̀ ń já tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ òdo ni yóò gbà. Ì bá sàn kí a kọ́kọ́ béèrè bí àyà bá ń já, kí a tó wá béèrè ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó wúwo jù: ṣé ìyá ti rò ó rí láti ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá? Kí ẹ tó parí rẹ̀, yóò ti wí pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àdúrà ni èyí, kì í ṣe ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí a kí pé "Ẹ kú ewu ọmọ" yóò dáhùn pé "A dúpẹ́," ì báà jẹ́ pé ó sunkún mọ́jú. Ìyá tí kò mọ̀wé kò lè dá fa ìlà sí abẹ́ ìdáhùn. Nọ́ọ̀sì ni yóò kà á sí i létí, bóyá ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà ní ìjókòó. Ta ni yóò sọ òótọ́ níbẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dán ìtumọ̀ wò: wọn a fún ẹlòmíràn ní ti Yorùbá kí ó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwa náà ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ dá "Nǹkan ń gùn mí" padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti Edinburgh! Ọ̀mọ̀wé ni, Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ó gbọ́. Ohun tí mo rí wí sí ọ̀nà yìí nìyẹn: atúmọ̀ ni ó ń dán wò, kò dán abiyamọ wò. Ẹ jẹ́ kí a ka ìbéèrè náà sí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì létí, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó rò pé a bi òun. Kí oníṣègùn sì tún àwọn ìyá náà yẹ̀ wò fúnra rẹ̀, kí a lè mọ iye máàkì tí ó ya aláìsàn sọ́tọ̀ níhìn-ín. A kò gbọdọ̀ yá ti Scotland lò láìdán an wò.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa ni èyí pẹ̀lú. Kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì túmọ̀ lè dá ìyá tí ó fẹ́ kú padà sílé, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹnu abiyamọ bi í léèrè.