Ifá, Ìṣeéṣe àti Àkókò: Àtúngbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ náà pé "Ifá ni Kọ̀ǹpútà Àwọn Baba Wa"

Ìfáárà

Ní ọdún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbàwọlé-sípò-ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ gbé Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ akin ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ ń tún sọ lórí ọ̀rọ̀ náà: Odù jẹ́ 256, baìtì kan náà lè gba oríṣi iye 256, nítorí náà Ifá ni kọ̀ǹpútà àwọn baba wa. Iṣẹ́ yìí kò tako ìfiwéra náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti dá a dúró. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìtúpalẹ̀ ètò kì í béèrè iye èsì tí ó lè jáde nìkan. Á béèrè pé: báwo ni èsì kọ̀ọ̀kan ṣe ṣeé ṣe tó? Báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ó tó jáde?

Ọ̀nà mẹ́ta, ìṣeéṣe mẹ́ta

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú tàbí kí ó dojú dé. Bí méjèèjì bá ṣeé ṣe bákan náà, tí awẹ́ kan kò sì darí èkejì, ìṣeéṣe Odù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan nínú 256. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún, tí ọ̀tún àti òsì wọn bára mu, jẹ́ 16 nínú 256, ìyẹn ẹyọ kan nínú 16. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ kí Odù tó hàn.

Ikin yàtọ̀. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Babaláwo á fi ọwọ́ kan gbá wọn kúrò ní ọwọ́ kejì. Bí ẹyọ kan bá kù, á tẹ ìlà méjì sí ojú ọpọ́n. Bí méjì bá kù, á tẹ ìlà kan. Bí kò bá kù rárá, tàbí tí ó ju méjì lọ, kò kà, á tún un gbá. Ó di ìgbà mẹ́jọ tí ó bá kà kí Odù tó pé. Kò sí ohun tí ó fi dá wa lójú pé kíkù ẹyọ kan àti kíkù méjì ṣeé ṣe bákan náà, nítorí títóbi ọwọ́ àti títóbi ikin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Níbí, àkókò pàápàá di ọ̀rọ̀ ìṣeéṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì gbígbá ni ó ń kà, gbígbá 16 ni a ó máa retí ní ìpíndọ́gba. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó di 32. Irú àṣetúnṣe tí a kò mọ iye ìgbà rẹ̀ ṣáájú yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé nínú gbogbo èdè kọ̀ǹpútà. Àwọn babaláwo mọ̀ pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ yá ju ikin lọ. Ìtúpalẹ̀ ètò ni ìmọ̀ yẹn.

Ẹẹ́rìndínlógún, tí William Bascom kọ odindi ìwé lé lórí ní 1980, tún jìnnà sí méjèèjì. Iye owó ẹyọ tí ó ṣíjú ni a ń kà níbẹ̀, láti òdo dé 16. Èsì 17 ni ó wà, wọn kò sì dọ́gba. Bí owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣíjú ní ìdajì ìgbà, mẹ́jọ, tí í ṣe Èjì Ogbè, ní ọ̀nà 12,870 nínú 65,536, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Kí gbogbo wọn ṣíjú jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 65,536. Gbólóhùn "256" bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀.

Òǹkà ọjọ́

Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ó wà lónìí mọ́ ọn. Ìjẹta kò ju ọjọ́ méjì sẹ́yìn lọ, bẹ́ẹ̀ ẹta ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọjà ọrún-ún ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ti ìtàdógún ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 16. Àwọn èdè kọ̀ǹpútà bíi C, Java àti Python ń bẹ̀rẹ̀ ìkà nǹkan inú àkójọ láti òdo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọjọ́ ọjà, tí ó wá fi márùn-ún kún ọjọ́ òní, yóò dé ọjà ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ná an tán. Olùkọ́ tí kò ṣàlàyé òǹkà méjèèjì yóò pe ọmọ náà ní olódo, nígbà tí ó jẹ́ pé èdè rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé.

Ẹ̀rọ kì í da ọ̀pẹ̀lẹ̀

Ìṣirò ni ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọn nọ́ńbà tí ó dà bí àbá-ò-dé. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ń pinnu gbogbo èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, aago ẹ̀rọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ètò Unix ń kà láti 1 Oṣù Kìn-ín-ní 1970. Bí ẹ̀rọ méjì bá lo ètò kan náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò mú jáde. Ẹ fojú inú wo yàrá ìdánwò tí ètò bẹ́ẹ̀ ti ń pààrọ̀ ìtòtẹ̀léra ìbéèrè: ẹni méjì tí ó jókòó tira wọn lè rí ìwé kan náà. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò ní irú ìṣòro yìí. Ìyàtọ̀ yìí ní ẹ̀kọ́ nínú ju ìjọra lọ.

Ohun tí a lè fi takò wá

Àwọn kan yóò ní Ọ̀rúnmìlà ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àbá-ò-dé. A gbà, ṣíṣe ìṣirò bí ohun èlò ṣe ń ṣubú kò sọ nǹkankan nípa ẹni tí ó ń fọhùn. Àwọn mìíràn yóò ní kíláàsì ní Zaria kún fún Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ṣùgbọ́n iyanrìn títẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ ní ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Yorùbá, náà ní àmì 16 tí ó jáde láti inú ìlà mẹ́rin, ẹyọ kan tàbí méjì ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò kan náà ni.

Àgbálọgbábọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi gbólóhùn ìyangàn nìkan rán jáde yóò gbé e dé kíláàsì tirẹ̀, àwọn ọmọ yóò pàtẹ́wọ́, wọn kò sì ní lè ṣírò nǹkankan. A dá a lábàá pé kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jọ kọ́ iṣẹ́ kan: kí akẹ́kọ̀ọ́ da owó ẹyọ 16 ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí ó kọ èsì sílẹ̀, kí ó fi wé ohun tí ìṣirò sọ, kí ó sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó bá rí. Owó ẹyọ kò wọ́n, kò sì nílò iná mànàmáná.