Nígbà tí Agbẹjọ́rò Ń Polówó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti lóye bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ tàbí aṣọ ni à ń tà. Ẹni tí ó gbọ́ igbe elẹ́kọ yóò tú ewé wò, yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá elẹ́kọ purọ́ tàbí kò purọ́. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti sọ nípa agbẹjọ́rò, dókítà tàbí olùṣirò owó? Ọjà tiwọn kò ṣeé tú wò. Oníbàárà yóò ti sanwó, ẹjọ́ yóò sì ti parí, kí ó tó mọ irú ọjà tí òun rà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n títí láé. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ka ìpolówó sí ìwà àbùkù fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní orúkọ rere nìkan ni ó yẹ kí ó máa pe oníbàárà wá.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ó wó ògiri yìí. Ní oṣù kejì 1976, agbẹjọ́rò méjì ní ìlú Phoenix, John Bates àti Van O'Steen, fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn. Wọn kò pe ara wọn ní akọni. Iye owó ni wọ́n kọ síbẹ̀: dọ́là 175 fún ìkọ̀sílẹ̀ tí tọkọtaya kò bá ara wọn jà sí, àti dọ́là 20 tí ilé-ẹjọ́ ń gbà. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Arizona fẹ́ fìyà jẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní oṣù kẹfà 1977, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá wọn láre. Kí òǹkàwé fiyè sí ìdí tí àwọn adájọ́ náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í wá agbẹjọ́rò nítorí pé wọn kò mọ iye tí yóò gbà, wọn kò sì mọ ẹni tí wọn ì bá tọ̀ lọ. Ìmọ̀ tí ìpolówó ń fún ará ìlú ni ó jẹ́ kí wọ́n gbà á láyè. Wọn kò ro ti àpò agbẹjọ́rò rárá.

Nígbà tí YouTube dé ní 2005, ohun tí ó ná owó gọbọi tẹ́lẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Agbẹjọ́rò kò nílò láti ra àyè nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí amóhùnmáwòrán mọ́. Ó lè jókòó nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, kí ó ya ara rẹ̀ ní fídíò, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbéèrè tí ó kàn wá ni pé, ṣé ìmọ̀ tí àwọn adájọ́ náà tìtorí rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni ó ń gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ kan wò. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 2014, lásìkò ìdíje ìkẹyìn bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, Jamie Casino, agbẹjọ́rò kan ní ìlú Savannah ní Georgia, gbé fídíò oníṣẹ́jú méjì jáde lórí amóhùnmáwòrán ìlú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi tàn ká orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì wò ó. Casino sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ọ̀daràn ni òun ń gbèjà tẹ́lẹ̀, pé wọ́n yìnbọn pa àbúrò òun ní 2012, pé láti ìgbà náà ni òun ti kọ̀yìn sí ọ̀daràn, tí òun sì ń jà fún àwọn tí a ṣe léṣe. Iná ń jó, gìtá ń ké, agbẹjọ́rò gbé òòlù ńlá tí iná ń jó lára rẹ̀ sókè.

A kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀fọ̀ tí ó ṣe ẹni náà kì í ṣe eré, ó sì mọ bí a ti ń sọ ìtàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná kú tán, kí ni òǹwòran mọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Kò mọ̀ pé ọdún méjì péré ni òfin Georgia sábà máa ń fún ẹni tí ó farapa láti pe ẹjọ́. Kò mọ iye tí agbẹjọ́rò yóò yọ nínú owó ìtanràn. Ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ni pé agbẹjọ́rò yìí ní ìbínú. Ìpolówó kékeré ti 1976 sọ iye ọjà. Ìpolówó ńlá ti 2014 fi ọkàn ẹni tí ń tajà hàn wá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà ní Nàìjíríà. Ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò tí ó jáde ní 2007 gba ìpolówó láyè bí ó bá tọ́ tí ó sì yẹ, ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún agbẹjọ́rò láti fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn tàbí láti máa ròyìn iye ẹjọ́ tí ó ti borí. Ìlànà mìíràn ti rọ́pò rẹ̀ láti 2024, síbẹ̀ ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò tí ì kúrò nílẹ̀. Nínú àwọn fídíò tí à ń rí lónìí, àwọn kan wà tí kò ju àfihàn lọ: wíìgì, ọkọ̀ olówó ńlá, àga aláwọ. Àwọn kan ń fi ìbẹ̀rù pe oníbàárà: wọn yóò ní ilẹ̀ tí o rà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, wọn kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ títí ìwọ yóò fi pè wọ́n. Irú kẹta ni ó yẹ kí a kan sáárá sí, èyíinì ni fídíò tí ń kọ́ni.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí yẹ̀ wò. Bí agbẹjọ́rò bá fi Yorùbá tí ó já gaara ṣàlàyé pé, bí ọmọ ẹbí kan tí kì í ṣe olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ ẹbí, òfo ni títà náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Pé bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró títí wọn yóò fi tọ ilé-ẹjọ́ lọ láti fagi lé e. Ẹni tí ó ń tọ́jú owó láti ọdún mẹ́wàá kí ó lè ra ilẹ̀ ti ní ohun tí yóò dì mú. Yóò mọ ìbéèrè tí yóò bi ẹni tí ń tà fún un. Bí kò bá tilẹ̀ pe agbẹjọ́rò náà láé, ìpolówó náà kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àwọn kan lè sọ pé, bí a bá fi ìmọ̀ tọrẹ, kí ni a ó tà? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìyọ̀ǹda ṣe pàtàkì kò tí ì mọ bí a ti ń kọ ìwé rẹ̀, kò sì mọ bí a ti ń gba àṣẹ gómìnà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè. Ìmọ̀ díẹ̀ ni ó ń fi ibi tí ọwọ́ ẹni kò tó han ẹni. Àwọn mìíràn yóò ní òfin tí a gé kúrú sí ìṣẹ́jú kan lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni a fi ń béèrè pé kí agbẹjọ́rò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun parí sí, kí ó sì sọ irú ọ̀ràn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ṣòro, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń pín fídíò kiri kì í san ẹ̀san fún ẹni tí ó bá sọ pé "ó kù síbì kan". Ẹni tí ó bá pariwo ni ó ń gbé ga.

Lójú tèmi, òṣùwọ̀n kan ni ó tó láti fi wọn gbogbo wọn: kí ni ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ó wo fídíò náà tí kò sì ní kọ́bọ̀ láti san? Elẹ́kọ jẹ́ kí a tú ewé wò kí a tó sanwó. Agbẹjọ́rò tí ó bá fẹ́ polówó níláti wá ewé tirẹ̀ tí a lè tú.