Títọpa Bonnie Kate

Ẹni tó bá fẹ́ ta reel, irú orin ijó kan, ti àwọn ará Írẹ́lándì lórí fàólìnì lónìí ní ọ̀nà méjì tó yá: kí ó wá rẹ́kọ́ọ̀dù àgbà ọ̀jẹ̀ kan kó máa sín in jẹ, tàbí kí ó ṣí ìwé kó ta ohun tó bá níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni èmi fara mọ́, bó tilẹ̀ pẹ́, tó sì máa ń súni: kí a kó gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù àti gbogbo àkọsílẹ̀ orin kan ṣoṣo tí ọwọ́ bá tẹ̀ jọ, kí a sì wádìí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbójú fò. A kì í ṣe é láti rí orísun kan tó mọ́ ju ìyókù lọ. Ibi tí orin náà ti fàyè gba ẹni tó ń ta á, àti ibi tí kò ti gbà fún un rárá, là ń wá, kò sì sí ẹlẹ́rìí kan tó lè dá fi ìyẹn hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú reel kan tó ń jẹ́ Bonnie Kate. Lọ́dún 1934 ni Michael Coleman, onífàólìnì ọmọ Killavil ní agbègbè Sligo tó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà láti 1914, ta á sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, tó sì so reel mìíràn, Jenny's Chickens, mọ́ ọn. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sọdá òkun padà sí Írẹ́lándì, àwọn tó wà nílé sì ń kọ́ orin ilé wọn láti ẹnu gíramafóònù. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, Francis O'Neill, ọmọ Cork tó di ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Chicago, ti tẹ ìwé tó ní orin 1,850 jáde ní 1903, ó sì tún tẹ òmíràn tó ní 1,001 ní 1907. Bonnie Kate kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà. Tí a bá tún lọ sẹ́yìn sí i, a ó bá a ní Skọ́tlándì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún lábẹ́ orúkọ mìíràn, The Bonnie Lass of Fisherrow, nínú iṣẹ́ Daniel Dow, olórin ará Skọ́tlándì.

Àwọn kan á ní ìwé ti kú tipẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Lóòótọ́, àbùkù ìwé O'Neill hàn gbangba. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ àmì orin sílẹ̀; orí ló fi ń gbé orin, tí ó sì ń súfèé rẹ̀ tàbí kó fẹnu pè é fún James O'Neill, ọlọ́pàá bíi tirẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ. Nítorí náà, etí kan, ìrántí kan àti ọwọ́ kan ló ti sẹ́ orin náà kó tó dórí ìwé. Ibi tí ìka ti ń fi ohùn wẹ́wẹ́ yí ohùn kan po, èyí tí wọ́n ń pè ní roll, ìwé lè kọ ohùn kan gbọọrọ sílẹ̀ kó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti gbẹ yẹn gan-an ló ti wúlò fún mi. Akọ̀wé tó ń yára mú orin kò ní àyè fún ọ̀ṣọ́. Ohun tó rò pé orin kò lè wà láìsí ni ó kọ. Egungun ló fún wa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á wá ní rẹ́kọ́ọ̀dù kò ní àbùkù, nítorí Coleman fúnra rẹ̀ ni à ń gbọ́. Àtakò yìí ló le jù, torí òdodo pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà náà kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Iye ìgbà tí Coleman fi yí orin ká, àyè orí àwo ló pinnu rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ oníjó. Ìyára tí a fi ń yí àwo náà kò sì fìgbà gbogbo bá èyí tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ mu. Bí ó bá yá jù díẹ̀, gbogbo ohùn á gòkè, a ó sì máa wá ìka síbi tí Coleman kò fi í sí. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a máa fetí sí okùn tí ìka kò tẹ̀. Ìró rẹ̀ máa ń là ju ti okùn tí a tẹ̀ lọ. Tí a bá ti mọ okùn tó ń dún, a lè wọn ìyára àwo padà. (Píánò tó ń tẹ̀ lé e kì í sábà ranni lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù Coleman, bí ẹni pé orin mìíràn ni onípíánò ń bá lọ ni.) Èyí tó burú jù ni pé Coleman a máa yí orin padà bó ṣe ń tún un ta, ṣùgbọ́n àwo a sọ ìyípadà ọjọ́ kan di òfin fún ẹni tó há a sórí.

Àtakò tó kù ni pé àwọn àgbà kò ṣe irú ìwádìí yìí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n ta. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà ní Sligo nígbà Coleman ń gbọ́ orin kan náà lọ́wọ́ aládùúgbò púpọ̀, bí ọmọ ilé ṣe ń gbọ́ oríkì kan náà lẹ́nu ìyá àti lẹ́nu ìyàwó ilé, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè ta ló ni èyí tó tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń gbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó lókìkí, ní àgbọ́túngbọ́. Kíkó ẹlẹ́rìí jọ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ aládùúgbò yẹn padà fún un. Breandán Breathnach, akójọ orin ìbílẹ̀ tó gbé ìwé àkọ́kọ́ nínú àkójọ orin ijó rẹ̀, Ceol Rince na hÉireann, jáde ní 1963, mọ èyí dáadáa: nọ́ńbà àwọn ohùn tí ìtẹnumọ́ bọ́ sí ló fi ń to orin sọ́tọ̀, nítorí orúkọ orin ń ṣini lọ́nà. Láti 1987 sì ni ilé àkójọ orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì ti wà ní Dublin, níbi tí ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ti lè bá ara wọn pàdé.

Ní ti pé Skọ́tlándì ni Dow ti wá, kò dà mí láàmú. Ara Skọ́tlándì ni reel fúnra rẹ̀ kó tó wọ Írẹ́lándì, ọ̀dọ̀ reel tiwọn, Sleepy Maggie, ni Jenny's Chickens sì ti yà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta iṣẹ́ Dow bó ṣe wà, tó sì gbọ́ Coleman lẹ́yìn náà, á rí i pé ibi tí ọ̀pá fàólìnì ti ń yí padà, àti bí ohùn kan ṣe ń wọ inú èkejì, kò sí nínú ìwé Dow rárá. Àwọn ọmọ Sligo ló fi í síbẹ̀.