Owó Abẹ́lẹ̀, Ìwé Gbangba: Ẹgbẹ́ Mbari Ìbàdàn lásìkò Ogun Tútù

Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, ìwé-ìròyìn New York Times tú u síta pé CIA, iléeṣẹ́ amí ìjọba Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ń fi owó bọ́ ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom. Ìlú Bẹ̀rílíìnì ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1950. Párísì ni ó fi ṣe ibùjókòó. Owó rẹ̀ sì ti dé Ìbàdàn kí àṣírí tó tú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, Thomas Braden, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ní CIA, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ fi í fọ́nnu. Láti ìgbà náà ni ojú tí àwọn lámèyítọ́ fi ń wo ẹgbẹ́ Mbari ti pín sí méjì. Àwọn kan ní irinṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ náà, àbàwọ́n sì wà lára gbogbo ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn ní ìwé tí ó dára, ó dára, ibi yòówù kí owó ìtẹ̀wé rẹ̀ ti wá. Èrò méjèèjì kò kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn ti ìṣáájú kò ka àwọn ìwé náà. Àwọn ti ẹ̀yìn kò bèèrè ohun tí ẹni tí ó náwó rà.

Ní 1961 ni wọ́n dá Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo àti Ezekiel Mphahlele wà níbẹ̀. Mphahlele yìí kan náà ni ó ń bójú tó ọ̀ràn Áfíríkà fún Congress ní Párísì. Owó Congress ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ń ná. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn Congress ni a fi pamọ́ fún wọn. Láàárín ọdún mélòó kan, Mbari ti tẹ Song of a Goat ti Clark, Heavensgate ti Okigbo àti eré mẹ́ta ti Ṣóyínká jáde.

Ìwé tí ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí ni A Walk in the Night, tí Mbari tẹ̀ ní 1962. Alex La Guma tí ó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì Gúsù Áfíríkà, ó sì wà lára àwọn 156 tí ìjọba ibẹ̀ fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn ní 1956. Nínú ìtàn náà, wọ́n lé Michael Adonis níṣẹ́ nítorí pé ó fèsì fún ọ̀gá aláwọ̀ funfun. Nínú ìmutípara, ó pa arúgbó kan. Willieboy, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ni ọlọ́pàá yìnbọn fún. La Guma kò jẹ́ kí ẹ̀bi náà dúró lórí Adonis nìkan. Iṣẹ́ tí ó bọ́, yàrá tí ó ń rùn, òfin tí kò ka ènìyàn sí, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà síwájú. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ó ta ko èrò Kọ́múnísìtì. Owó Amẹ́ríkà ni ó sì ràn án lọ́wọ́ láti jáde.

Ìjọba mẹ́ta ni ó na ọwọ́ sí òǹkọ̀wé kan ṣoṣo yìí. Ti Gúsù Áfíríkà fi òfin dè é, débi pé títún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ nílẹ̀ náà di ẹ̀ṣẹ̀. Ti Amẹ́ríkà gbé ìwé rẹ̀ jáde láìfi ojú hàn. Ti Sófíẹ́tì yẹ́ ẹ sí ní gbangba: ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà òun Éṣíà, tí Mọ́sìkò ń tì lẹ́yìn, fún un ní ẹ̀bùn Lotus ní 1969, ó sì di akọ̀wé àgbà fún wọn ní 1979. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjọba tí ó ń ṣe é ní gbangba yìí fẹ́ràn òǹkọ̀wé jù. Ìjọba kan náà ni ó kọ̀ kí wọ́n tẹ Doctor Zhivago nílé, tí ó sì mú kí Pasternak kọ ẹ̀bùn Nobel ní 1958. CIA tẹ ìwé yẹn ní èdè Rọ́ṣíà, wọ́n sì pín in fún àwọn ará Sófíẹ́tì tí ó wá síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels lọ́dún náà. Ìwé àṣírí tí CIA fúnra wọn gbé síta ní 2014 jẹ́rìí sí i. Wọn kò ní kí Pasternak kọ ohunkóhun. Ibi tí ìwé náà yóò dé ni wọ́n bójú tó.

Òwe Gẹ̀ẹ́sì kan sọ pé ẹni tí ó bá sanwó fún afọnfèrè ni yóò yan orin. Òun ni Frances Stonor Saunders fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀, Who Paid the Piper?, tí ó jáde ní 1999. Ẹ̀rí pọ̀ nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò bá ọ̀ràn Ìbàdàn mu. Ní òde ayẹyẹ nílẹ̀ Yorùbá, gbangba ni a ti ń lẹ owó mọ́ iwájú orí onílù. Oríkì ara rẹ̀ ni ẹni tí ó náwó fẹ́ gbọ́, kí àwọn tí ó jókòó sì mọ̀ ọ́n. (Onílù tí kò mọ ẹni tí ó fún un lówó, oríkì ta ni yóò kì?) Kí wá ni ẹni tí ó fún onílù lówó nínú òkùnkùn ń wá? Ohun kan ṣoṣo tí ó lè rí gbà ni kí ayé gbà pé onílù yìí ń lù láìsí ọwọ́ ìjọba kankan nínú ìlù rẹ̀. Ohun tí CIA rà nìyẹn. Nítorí náà, títẹ̀ tí wọ́n tẹ ìwé La Guma kò ba ètò náà jẹ́ rárá. Bí àwọn òǹkọ̀wé bá ṣe lómìnira tó ni ọjà náà ṣe níye lórí tó.

Òǹkàwé ni ó pàdánù. Nígbà tí Black Orpheus bẹ̀rẹ̀ ní 1957, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹni tí ó bá sì ṣí i lè fi ìyẹn wọn ohun tí ó ń kà. Lẹ́yìn tí owó Congress wọlé, òṣùwọ̀n yẹn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ti èdè náà wà níbẹ̀: oríkì àti ewì Yorùbá wọ inú ìwé náà, ṣùgbọ́n ní aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ìyẹn ru CIA; ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amúnisìn ti ṣe é sílẹ̀.

Eré kan wà tí kò wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1964, Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So láti Òṣogbo lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà ní Bẹ̀rílíìnì, ìlú tí wọ́n ti fi ògiri pín sí méjì ní 1961. Nicolas Nabokov, akọ̀wé àgbà Congress, ni ó ṣètò àjọ̀dún náà. Ìtàn tí àwọn Yorùbá mọ̀ nípa àkọlé eré yẹn ni pé ọba pokùnso, àwọn ènìyàn sì ń sọ ọ́ káàkiri. Àwọn tirẹ̀ wá oògùn, wọ́n ń fi iná jó ilé ẹni tí ó bá ní ọba so, títí gbogbo ìlú fi gbà pé kò so. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níwájú àwọn ará Bẹ̀rílíìnì, owó ta ni ó sì wà lẹ́yìn Congress, ó ku ọdún méjì kí àwọn ará Òṣogbo tó gbọ́.