Yíyàn Òǹwòran Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Lámèyítọ́: Tìmì Ẹdẹ Nínú Ọba Kòso

Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ eré àtijọ́ bá ń fi fídíò àti fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, odindi eré kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́, bí kò ṣe ìran kan péré. Fàájì lásán ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka irú yíyàn bẹ́ẹ̀ sí. Àmọ́ ẹni tó mú ìran kan nínú eré, tó ní èyí ló dùn jù, ti sọ ohun tó rò pé eré náà dá lé. Iṣẹ́ lámèyítọ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọba Kòso, eré Dúró Ládípọ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere, pàápàá fún ẹni tó bá ń wò ó láti Ẹdẹ, ìlú tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tẹ̀ dó.

Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Òṣogbo, ní Mbárí Mbáyọ̀. Ó dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe di ìwé yẹ fún àkíyèsí: inú ohùn tí wọ́n gbà sórí téèpù ni Armstrong, Awújọọlá àti Ọláyẹmí ti da á kọ, tí Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló bí ìwé yẹn. Nítorí náà, kò tọ́ kí onímọ̀ fojú kéré eré tó wà lórí àwo tàbí fídíò bí ẹni pé òjìji ìwé ni.

Ìran mẹ́ta ló gba àfiyèsí níhìn-ín. Èkíní ni ìgbà tí Ṣàngó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kí ó lè jìnnà sí ààfin, tí Tìmì sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá yan ìran yìí sọ eré náà di oríkì ìlú. Èkejì ni ìjà ọfọ̀, níbi tí Gbọ̀ọ́nkáà ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu kun Tìmì lóorun. Agbára ọ̀rọ̀ ni ẹni tó yan èyí ń yìn. Tìmì kàn di ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí Gbọ̀ọ́nkáà pa Tìmì tán, tó kọjú sí ọba, tí Ṣàngó sì gba ọ̀nà Kòso lọ. Ibẹ̀ ló ti hàn gbangba pé ìbẹ̀rù ọba fún àwọn jagunjagun tirẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ yíyàn yìí ju adùn lọ. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, gbé Tìmì sí ìgbà Aláàfin Kori, kì í ṣe ìgbà Ṣàngó. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe sọ, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń yọ àwọn oníṣòwò lẹ́nu ló mú kí Aláàfin fi Tìmì sí Ẹdẹ. Nínú ìtàn yẹn, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ni ẹni tó tẹ ìlú dó. Nínú eré, ẹni tí ọba fẹ́ lé jìnnà ni. Ládípọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìtàn tò bí eré rẹ̀ ṣe fẹ́. Àmọ́ bí ìran kan bá ń kiri láìsí ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e, ọmọ Ẹdẹ tó bá wò ó lè gba àbá òǹkọ̀wé eré fún ìtàn ìlú rẹ̀.

Ìlù náà wà lára ohun tó lè sọnù. Ọba Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí ìmọ̀ rẹ̀ má bàa parun. Fún etí tó gbọ́ èdè ìlù, dùndún inú Ọba Kòso ń sọ̀rọ̀. Fún etí tí kò gbọ́ ọ, ariwo aládùn ni.

Ẹnìkan lè jiyàn pé gígé eré sí wẹ́wẹ́ ń ba iṣẹ́ ọnà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Kò sí akéwì tó ń ki oríkì orílẹ̀ kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yíyàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó mọ ìyókù ló ti ń yàn. Bó bá fo ibì kan, àgbà tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé ó fò ó. Ìran orí fóònù sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nítòsí.

Pínpín tún ní ewu ti owó. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, àwọn kan ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́nà àìtọ́, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ òun tó ni fíìmù lọ́rùn. Àwọn tó ra ẹ̀dà náà fẹ́ràn Bàbá Sàlá; ìfẹ́ wọn kò san gbèsè rẹ̀.

Iṣẹ́ àgbà tó jókòó yẹn ló kù fún àwọn onímọ̀ láti ṣe. Kí wọ́n máa kọ orúkọ eré, ọdún rẹ̀, àwọn òṣèré àti àwọn onílù mọ́ ìran tó ń kiri. Kí wọ́n da ọ̀rọ̀ ìlù kọ. Kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìran náà àti ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn tó lè túmọ̀ dùndún inú àwọn eré wọ̀nyí ń dàgbà, bí wọn kò bá sì sí mọ́, ọ̀rọ̀ ìlù tí kò sí nínú ìwé kankan yóò bá wọn lọ.